Ṣé James Ti Ríṣẹ́?

Oṣù Kejìlá ọdún 1988 ni Àǹtí Houston wálé fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti rìnrìn àjò, kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́ta ló sì kó wá fún bàbá wa. Ó fún Màámi láṣọ, ó fún èmi àti àbúrò mi ní bàtà, ó wá fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti bí ọdún kan ààbọ̀ ní kásẹ́ẹ̀tì. Màámi rẹ́rìn-ín lójú ẹ̀, ó dúpẹ́, ó tún kúnlẹ̀, àmọ́ nígbà tílẹ̀ ṣú tí gbogbo ilé dákẹ́ mo gbọ́ tó ń kùn pé ta ló fẹ́ se kásẹ́ẹ̀tì jẹ báyìí.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ ń gbé yàrá kan ní Mushin, ilé fésì-mí-àì-fésì-yú, yàrá márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ilé ìdáná kan, ilé ìwẹ̀ kan, ìjà ojoojúmọ́. A ní tẹlifíṣọ̀n o, Bàámi ti rà á nígbà tí nǹkan ṣì rọgbọ, fídíò ni ò sí. Ẹnjiníà ló ní fídíò. Yàrá tiẹ̀ kọjú sí tiwa, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló máa ń tún ṣe, wáyà kún inú yàrá ẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ bọ ẹ̀rọ, àwòrán bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ Amẹ́ríkà àti tiwa ò gbọ́ èdè ara wọn, pé NTSC ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, PAL ni tiwa níbí. Ó lọ yá fídíò mìíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní Alábà, èyí tó gbọ́ èdè méjèèjì, àwòrán wá dúró lóòótọ́, àmọ́ àwọ̀ kọ̀, kò jáde. Dúdú àti funfun la fi wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ fìyẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Good Times lorúkọ eré náà. Orí tẹlifíṣọ̀n ilé ẹ̀ ni Àǹtí ti gbà á sílẹ̀. Wọ́n ti parí eré ọ̀hún tipẹ́ nígbà yẹn, wọ́n kàn ń tún un gbé sáfẹ́fẹ́ ni, nítorí náà gbogbo ìpolówó ọjà tó wà láàárín ẹ̀ ló bá a wá sí Mushin, a sì wo gbogbo ẹ̀ pátá torí kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ ká fò ó. Èyí tó ya ilé lẹ́nu jù ni ìpolówó oúnjẹ ológbò. Oúnjẹ ológbò, nínú agolo! Màmá onírẹsì tó ń gbé yàrá kẹta ní kí wọ́n dá a padà kóun tún un rí, ó wá bèèrè pé tí ológbò bá ń jẹ nǹkan agolo, eku wá ńkọ́, ta ló ń pa á fún wọn? Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí. Àfi bó ṣe di kásẹ́ẹ̀tì kejì tá a débi tí màmá àgbàlagbà kan tó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú àwọn Evans, ìdílé tí eré náà dá lé lórí, gbé ẹran tó sè wá síbi oúnjẹ alẹ́ wọn, táwọn ará ilé wá ń fura pé ẹran inú agolo, tajá àti ológbò yẹn, ló fi sè é, torí owó tó ń wọlé fún un ò ká ẹran gidi. Àwọn tó ń wòran nínú tẹlifíṣọ̀n ń rẹ́rìn-ín, a gbọ́ ẹ̀rín wọn kedere. Nínú yàrá Ẹnjiníà, kò sẹ́ni tó rín. Màmá onírẹsì ò bèèrè eku mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ bí eré náà ṣe rí fún ẹni tí ò bá tíì wò ó. Chicago ni, ilé gogoro tí ìjọba kọ́ fáwọn tí ò rówó ilé, ìdílé Evans ń gbé ní 17C, òkè lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè ò sì fìgbà kan ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. James ni bàbá ilé, John Amos ló ṣe é (ẹni kan náà tó ṣe Cleo McDowell, àna Akeem nínú Coming to America, àti Kunta Kinte nígbà tó dàgbà nínú Roots, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n nìyẹn). Esther Rolle ló ṣe Florida, ìyàwó ẹ̀. Ọmọ mẹ́ta: J.J. tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, Jimmie Walker nìyẹn, Thelma tó fẹ́ di dókítà, àti Michael tó kéré jù tí ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, tí wọ́n lé kúrò nílé ìwé lọ́jọ́ kan torí ó ní George Washington ní ẹrú. Willona ni aládùúgbò wọn, kì í kànkùn, ó kàn máa wọlé ni, pẹ̀lú òfófó lẹ́nu. Nínú ilé tiwa Willona tó mẹ́fà. Ilé iṣẹ́ CBS bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1974, wọ́n parí ẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1979, apá 133 lápapọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tiwa ò gbà ju díẹ̀ lọ nínú ẹ̀, kò sì kọjá sáà kẹta.

Apá àkọ́kọ́ gan-an, James ń wá ọ̀nà àtiwọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tó máa mówó gidi wọlé, ọkàn gbogbo ilé ti wà níbẹ̀, wọ́n wá sọ fún un pé ọjọ́ orí ẹ̀ ti kọjá. Ó ti dàgbà jù. Èmi ni mò ń túmọ̀ fún Bàámi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, Gẹ̀ẹ́sì àwọn dúdú Chicago yẹn náà sì ń yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo máa gbọ́ ìdajì, mo máa hùmọ̀ ìdajì. Nígbà tí mo sọ fún un pé "wọ́n ní ó ti dàgbà jù", Bàámi yíjú sí mi.

"Wọ́n ní kí ló ṣe?"

"Ó ti dàgbà jù, sà."

"Ní Amẹ́ríkà?"

Ó ní kí Ẹnjiníà dá a padà. Ó wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni Bàámi nígbà yẹn, fítà ni nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkejà, òun ló ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe, tó bá gbọ́ ẹ̀rọ látọ̀ọ́kán ó máa sọ ibi tó ń dùn ún. Lẹ́yìn SAP, ètò tí ìjọba fi tún ọrọ̀ ajé tò lọ́dún 1986, tí náírà já wálẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ò rówó fi ra ẹ̀yà ẹ̀rọ láti òkè òkun mọ́, wọ́n pe Bàámi àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jọ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ̀ kan, wọ́n há lẹ́tà fún wọn. Gbogbo ibi tó kọ̀wé sí lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ọmọ tí ò tíì pé márùndínlógójì ni wọ́n ń wá. Ó ti wá gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé Nàìjíríà ló bàjẹ́. Kò rò ó rí pé wọ́n lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọkùnrin kan nílùú dọ́là.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, Good Times ti kúrò ní eré apanilẹ́rìn-ín fún Bàámi. Ó di ìròyìn. Tó bá wọlé láti ibi tó ti lọ báwọn da kọnkéré tàbí tó lọ tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe fún wọn, kó tó bọ́ bàtà ó máa bi wá pé ṣé James ti ríṣẹ́, àwa náà á ní rárá, torí kásẹ́ẹ̀tì kan náà là ń tún wò, kò sí ibi tí James fẹ́ gbà ríṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí tí kò rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ibi tí mi ò gbàgbé ni ibi owó ilé. Àwọn Evans jẹ réǹtì, mọ́níjà fẹ́ kó ẹrù wọn síta, James bá jáde lọ wá owó ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì, ibi tí ìyàwó ẹ̀ ò fẹ́ kó dé rárá. Mo fẹ́ máa túmọ̀, Bàámi gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí n dákẹ́. Réǹtì ò nílò ògbufọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, òun náà máa yọ agolo mílíìkì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó máa da owó inú ẹ̀ sórí ẹní, ó máa tò ó ní òkìtì òkìtì, èyí fún ọkọ̀ ọ̀sẹ̀, èyí fún ilé ìwé, èyí fún bàbá onílé, èyí fún oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ó máa mú náírà márùn-ún látinú ti bàbá onílé sínú ti oúnjẹ. Ó máa wò ó. Ó máa dá méjì padà. Ó máa mú ọ̀kan látinú ti ọkọ̀, tó túmọ̀ sí pé ó máa fẹsẹ̀ rìn lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Bó ṣe ń ṣe é gan-an ló dà bí ẹni ń ta ayò, ó ń pín in yíká, àmọ́ èèyàn ò lè jẹ ayò mọ́ ara ẹ̀ lọ́wọ́. Àwa ọmọ á máa díbọ́n pé à ń sùn. Ìgbà tí mo rí James àti Florida tí wọ́n jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ń fowó pe owó, ṣe ni mo wò ó pé ta ló lọ sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún wọn.

Èyí ni mo fẹ́ sọ nípa eré yìí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbà: eré ọkùnrin tó ń wáṣẹ́ ni, ohun tó kù, ọ̀ṣọ́ ni. Esther Rolle gan-an ló sì rí i bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Inú eré mìíràn, Maude, ni Florida ti kọ́kọ́ jáde, ọmọ ọ̀dọ̀ ni níbẹ̀. Nígbà tí Norman Lear, ẹni tó ṣe Maude, fẹ́ fún un ní eré tiẹ̀, tí Eric Monte àti Mike Evans gbé e kalẹ̀ (Monte yẹn, ilé ìjọba Cabrini-Green ní Chicago ló ti dàgbà, ilé yẹn náà sì lẹ ń rí níbẹ̀rẹ̀ eré), ohun tó wà nílẹ̀ ni ìyá kan tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta. Rolle kọ̀ jálẹ̀. Ó ní tí kò bá ti sí ọkọ nínú ilé yẹn, kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó sọ pé kí ló le tó bẹ́ẹ̀ nínú ìyẹn, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló máa ń gé owó ìrànwọ́ ọmọ tálákà dànù bí wọ́n bá ti rí ẹsẹ̀ ọkùnrin nínú ilé ìyá ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a tiẹ̀ máa lọ kànkùn lóru láti lọ wò ó bóyá bàtà ọkùnrin wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún 1968 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ tí Alabama ń lò. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà ni ọkùnrin dúdú kan jókòó sórí àga nílé ara ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń bínú, tó ń bá ọmọ wí, tó ń gbá ìyàwó ẹ̀ mọ́ra. Rolle ló fi dandan gbé e síbẹ̀. Ẹ tún gbọ́ èyí: ọdún mọ́kàndínlógún ni Rolle fi ju ọkọ tí wọ́n fún un lọ, John Amos náà ò sì ju "ọmọ" ẹ̀ J.J. lọ ju ọdún mẹ́jọ lọ. Tí wọn ò bá sọ fún yín, ẹ ò lè mọ̀. Ọkùnrin yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bàbá.

Ká wá sọ ti J.J. Òun làwọn ọmọ àdúgbò fẹ́ràn, mi ò ní purọ́. Àbúrò mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú eré ọ̀hún àfi ọ̀rọ̀ kan, Dáínámáìtì! Ó máa na ìka, ó máa yí ọrùn bíi ti J.J., ó máa pariwo ẹ̀ títí dé ojú títì. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin báyìí, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Mushin dòní nìyẹn. John Rich tó ń darí eré náà ló ta kú pé kí Walker máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní gbogbo apá, àwọn èèyàn bá gbà á lẹ́nu ẹ̀, ó di ara ẹ̀wù, ó di nǹkan ìṣeré ọmọdé, owó wọlé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rín J.J. ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń sọ ọ́ di òpònú sí i, fìlà rándanràndan, ijó, ojú yíyọ. Rolle ò mú un mọ́ra, ó sọ ọ́ jáde fún ìwé ìròyìn Ebony ní 1975, pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, kò níṣẹ́, wọn ò jẹ́ kó mọ nǹkan kan, ṣé irú èyí ló yẹ káwọn ọmọ máa wò? Amos náà ń bá àwọn tó ń kọ eré jà, ó ní Michael fẹ́ di adájọ́, Thelma fẹ́ di dókítà, kí ló dé tó jẹ́ fìlà J.J. nìkan lẹ rí.

Mi ò bá Walker wí o. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ló ṣe, ó sì pa wá lẹ́rìn-ín. Àwa tá a dàgbà nídìí Bàbá Sàlá ò lè wá sọ pé òpònú ò dáa nínú eré. Moses Ọláìyá gbé gọ́gùsì gbàǹgbà sójú, ó so táì tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ mọ́rùn, kò sẹ́ni tó rò pé ẹ̀yà Yorùbá ló ń bú. Ṣùgbọ́n Bàbá Sàlá ni bàbá ilé nínú eré tiẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ni ahun, òun fúnra ẹ̀ ni ìyà ahun ń jẹ. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni jáde kó tó rí àyè ṣe yẹ̀yẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì tiwa, bí mo ṣe sọ, kò kọjá sáà kẹta. Nígbà tó yá Bàámi ò lè fara dà á mọ́, ó jókòó lọ́jọ́ kan lọ́dún 1989, ó kọ lẹ́tà sí àbúrò ẹ̀ ní Houston. Èmi ni mo lọ fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, mo sì ti kà á kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó kí wọn, ó bèèrè ọmọ, ó bèèrè òtútù, ó ní iṣẹ́ ò tíì sí àmọ́ Ọlọ́run ń bẹ, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe òun ló ń dùn: James tó wà nínú fídíò yẹn, ṣé ó padà ríṣẹ́?

Èsì pẹ́ tó oṣù mẹ́ta. Àǹtí fi dọ́là ogún sínú ẹ̀, wọ́n fi bébà dúdú wé e kí wọ́n má bàa rí i lọ́nà. Ó kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá mi, James ti ríṣẹ́, ní Mississippi, níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, òun àti ẹnì kan ni wọ́n jọ ni ín, gbogbo ilé ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ bá a.

Kí n sọ òótọ́, mi ò tíì rí Bàámi kó yọ̀ bẹ́ẹ̀ láti bí ọdún méjì. Ó mú lẹ́tà náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ fún Ẹnjiníà, ó ń sọ fún màmá onírẹsì, iṣẹ́ mẹ́káníìkì, iṣẹ́ ọwọ́, mo ti sọ pé ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í sọnù. Màámi ń wò ó látẹnu ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bàámi lọ yá owó tó fi ra irinṣẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, ó ń tún ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀ ṣe. Mi ò sọ pé lẹ́tà ló fà á. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yẹn ni. Iṣẹ́ yẹn ló fi rán wa níwèé, òun náà ló ń ṣe títí ara ẹ̀ fi kọ̀ ọ́, ó sì kú lọ́dún 2003.

Ọdún 2012 ni mo tún fojú kan Good Times. Ìbàdàn ni mo wà, lóru, mo ra dátà alẹ́, mò ń wá nǹkan mìíràn lórí YouTube, ó bá yọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Mo ti mọ ilé yẹn láti ìgbà ọmọdé mi, gbogbo igun ẹ̀, kò sì síkan nínú ẹ̀ tó ní àwọ̀ lọ́kàn mi. Èyí tó mú mi dúró ni àwòrán J.J. Torí nínú eré náà ayàwòrán ni J.J., Bàámi sì máa ń sọ pé ọmọ yẹn gbọ́n o, ẹ̀ẹ́dú lásán ló ń fi yàwòrán. Ẹ̀ẹ́dú kọ́! Ọ̀dà ni, pupa rúsúrúsú, àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀, iná gílóòbù yẹ́lò, àwọn èèyàn tí apá wọn gùn bíi rọ́bà tí wọ́n ń jó tí ojú wọn sì wà ní dídì. Ernie Barnes ló ya àwọn tó ṣe pàtàkì níbẹ̀, ọkùnrin tó ti gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹun kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó ní ìdí tóun fi ń ya èèyàn pẹ̀lú ojú dídì ni pé a kì í rí ara wa. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2022, wọ́n ta ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ẹ̀, The Sugar Shack, èyí tí wọ́n máa ń fi hàn nígbà tí eré bá ń parí, ní New York. Àwọn tó ń tà á rò pé kò ní kọjá 200,000 dọ́là. Ó lọ ní mílíọ̀nù 15.3. Àwòrán ilé 17C o, ilé tí wọn ò rí réǹtì san.

Mo wá ń wò ó lọ lálẹ́ yẹn, mo kọjá ibi tí kásẹ́ẹ̀tì wa parí sí, mo wọ sáà kẹrin. Lóòótọ́ James ti ríṣẹ́ ní Mississippi. Lóòótọ́ wọ́n ti di ẹrù. Wọ́n ń ṣàríyá ìdágbére, ọ̀rẹ́ kún ilé, tẹligíráàmù dé. James ti kú. Jàǹbá mọ́tò.

Mo dá a dúró. Agogo méjì òru ti kọjá. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé Bàámi ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo tó lọ ka ìdí ẹ̀. Ìjà tí Amos ń bá àwọn òǹkọ̀wé jà ló sú wọn, nígbà tí sáà kẹta parí ní 1976 Lear sọ fún un pé wọn ò ní pè é padà. Wọn ò kàn mú un kúrò, wọ́n pa á, kó má bàa sí àyè àtipadà. Apá tó tẹ̀ lé e ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, lẹ́yìn ìsìnkú, tí Florida ò sunkún látàárọ̀, tó ń gbé àwo, tó ń kí àlejò, táwọn ọmọ ti ń bínú sí i, àlejò wá lọ tán, ó gbé abọ́ dígí ńlá kan, ó là á mọ́lẹ̀, igbe jáde lẹ́nu ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo eré tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn, tẹ́ ẹ bá bi mí, fífọ́ abọ́ yẹn ló tó gẹ́gẹ́ bí òpin ẹ̀.

Wọ́n ṣì ṣe é fún ọdún mẹ́ta sí i. Rolle fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn sáà kẹrin, wọ́n ní Florida ti fẹ́ ọkọ mìíràn, wọ́n ti kó lọ sí Arizona, ó tún padà dé ní sáà kẹfà, kò sí ẹni tó dárúkọ ọkọ ọ̀hún mọ́, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Janet Jackson wọlé ní 1977, ọmọ kékeré, ó ṣe Penny tí ìyá ẹ̀ ń fi áyọ́ọ̀nù jó lára, ìyẹn dára gan-an, mi ò lè fojú kéré ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe parí ẹ̀! Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, J.J. tàwòrán, ọkọ Thelma gba iṣẹ́ bọ́ọ̀lù olówó ńlá, Thelma lóyún, wọ́n kó lọ sílé ńlá, Willona náà gba ilé lábẹ́ wọn. Iṣẹ́ tí James wá fún ọdún mẹ́ta, ọjọ́ kan ni wọ́n fi pín in fún gbogbo èèyàn bí ẹni ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù. Inú bí mi.

Amos àti Lear parí ìjà wọn nígbà tó yá. Lọ́dún 2019 tí wọ́n tún apá kan ṣe lójúkojú lórí tẹlifíṣọ̀n, Andre Braugher ló ṣe James, Amos náà wà níbẹ̀, ó ṣe olóṣèlú kan tó wá tọrọ ìbò nínú ilé tó ti jẹ́ tiẹ̀ rí. Mo wò ó. Ara mi ò gbà á.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni John Amos kú, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, àmọ́ ìròyìn ò jáde títí di oṣù Kẹwàá. Nígbà tí mo kà á, mo pe Àǹtí ní Houston. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin, etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, mo pariwo orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó mọ ẹni tí mò ń sọ. Ẹ̀yìn náà ni mo wá bi wọ́n ní ohun tí mi ò bi wọ́n láti ọdún méjìlá. Mo ní Àǹtí, lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí Bàámi ní 1989, ẹ ti mọ̀ pé James kú, àbí ẹ ò mọ̀?

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já.

"Mo mọ̀ ná," wọ́n ní. "Ṣé kí n wá kọ ọ́ sí Bọ̀ọ̀dá mi pé ó kú ni, lọ́dún yẹn?"

Mo ní rárá, mà.

"Àti pé mi ò purọ́ kankan fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá ó ríṣẹ́. Ó ríṣẹ́ náà."